Áàpù tó gé "pasta" níbi tí kò yẹ

"Pas-ta." Bí áàpù èdè Ítálì tí mo ń sanwó oṣù lé lórí ṣe gé ọ̀rọ̀ náà sí sílébù nìyẹn, lójú ewé tí wọ́n pè ní àkọtọ́. Àkọtọ́ wo? Ní Ítálì, s tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn bá tẹ̀ lé kì í fi í sílẹ̀: pa-sta, fi-ne-stra, ca-sta-gna. Ọmọ tó bá gbé pas-ta lọ sídìí ìdánwò, máàkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní kí n yọ áàpù náà kúrò, kí n tún un gbà wọlé. Ṣé fóònù mi ló gé pasta ni? Mo fi finestra ránṣẹ́ láti fi ṣe ẹ̀rí. Ó ní àwọn ti gbọ́, ó sì pa ìwé ẹ̀sùn náà dé. Inú bí mi gidi.

Obìnrin kan ló tún un ṣí. "Ẹ má bínú sà," ó ní ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ fonọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè) ni wọ́n ti mú gígé yẹn: lẹ́nu, s ló ń parí sílébù àkọ́kọ́, òun ló jẹ́ kí a inú pasta kúrú, tí ti casa sì gùn. Òótọ́ pọ́ńbélé! Àmọ́ ewé àkọtọ́ kọ́ ni ibi rẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe.

Ìró ohùn inú rẹ̀ ni n kò lè bá wọn jà lé lórí. Yorùbá kò ní ìsúpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, nítorí náà penna (gègé ìkọ̀wé) àti pena (ìyà) máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Áàpù yìí jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìyàtọ̀ náà ketekete: ní pen-na, ahọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ kó tó já, ní pe-na, e ni wọ́n fà. Ẹni tó bá sọ "ho trent'ani" dípò "anni", ọgbọ̀n ihò ìdí ló ní òun ní, kì í ṣe ọgbọ̀n ọdún.

Ó gé ac-qua dáadáa, kò pín gn inú so-gno. Síbẹ̀, zio ṣì wà ní sílébù kan. Zi-o ni, nítorí orí i ni ohùn tẹ̀ sí. Ti pie-de kò rí bẹ́ẹ̀, orí e ló tẹ̀ sí, ìyẹn ni i fi wọnú rẹ̀. Wọn kò sì sàmì sí ibi tí ohùn tẹ̀ sí rárá: báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa mọ àncora (ìdákọ̀ró) yàtọ̀ sí ancóra (síbẹ̀)? Mo ti kọ̀wé nípa èyí náà. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ló tún dáhùn: kí n yọ áàpù kúrò, kí n tún un gbà wọlé.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5.