Ojú-Ìwé Mẹ́rin Tí Wọ́n Fò: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìkàwé-Sóhùn Kan ní Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, mo dìde nínú kíláàsì ní Oǹdó, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò dín ní ogójì, mo sì sọ fún olùkọ́ wa pé kò sí ọfọ̀ kankan nínú ìwé lítíréṣọ̀ alohùn tí ó ní kí a kà. Mo fọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́, nítorí pé mo ti gbọ́ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì mí ni ó di ọwọ́ mi mú, tí ó gbé ìka mi lé ojú-ìwé 94, tí ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Bọ̀dá, ó wà níbí o. Ojú-ìwé mẹ́rin gbáko ni." Bébà dídán lásán ni ìka mi bá níbẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ tán kí inú mi tó rọ̀ jù, nítorí pé ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ojú mi kò ríran mọ́ láti ọdún 2018. Glaucoma ni àwọn dókítà pè é. Ó mú ojú òsì lọ kí ó tó padà wá mú ọ̀tún. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Àkúrẹ́ nígbà náà, àwọn kan sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n jókòó sílé. Fọ́ọ̀mù ni mo lọ gbà ní Oǹdó ní tèmi, èdè Yorùbá ni mo sì ń kọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ti fẹ́ dá mi lágara kí ẹnì kan tó fi nọ́ḿbà ẹgbẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Yàrá méjì péré ni wọ́n ní, lẹ́yìn Ọ̀nà Ọba Adésídà, àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni ó sì ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí ojú, ọwọ́ tàbí àìlera mìíràn kò jẹ́ kí wọ́n lè ka ìwé títẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ènìyàn yóò gbé ìwé rẹ̀ lọ, wọn yóò kà á, wọn yóò sì máa fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ní orí kọ̀ọ̀kan.

Ìforúkọsílẹ̀ wọn le díẹ̀. Wọ́n béèrè ìwé dókítà, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ka sí ìwé kan pé n kò ní fi ohùn tí wọ́n bá fún mi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó lè ka ìwé fúnra rẹ̀. Mo rò pé wàhálà ọ́fíìsì lásán ni, àfi ìgbà tí arábìnrin tí ó ń darí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa, jókòó tì mí tí ó ṣàlàyé. Ó ní àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Marrakesh, ní ilẹ̀ Mòrókò, ní ọdún 2013 ni ó fàyè sílẹ̀ pé kí a lè ṣe irú ẹ̀dà yìí fún irú àwa wọ̀nyí láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ìwé. Pé Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2017. Àti pé òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023 náà fàyè gbà á. Bí ẹ̀dà náà bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran, ààbò òfin ti kúrò lórí wọn nìyẹn. Mo tẹ̀ka. Àlàyé rẹ̀ yé mi ju èyíkéyìí tí wọ́n tíì ṣe fún mi ní bánkì lọ.

Àwọn kan yóò ní ṣebí fóònù ń kàwé. Ó ń kà á, bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè wà: TalkBack ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi, NVDA wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ mi, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé Yorùbá síwájú wọn kí ẹ gbọ́ bí wọn yóò ṣe run ún. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: bákan náà ni fóònù mi ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ẹni tí ó ń kọ́ bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú ewì kò lè fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kàwé. Ènìyàn ni ó nílò, ẹni tí ó mu èdè náà mọ́ ọmú.

Akàwé méjì ni wọ́n pín ìwé mi fún. Èkíní jẹ́ ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Oǹdó, tí èmi sọ ní Màmá Oǹdó. Ilé rẹ̀ ni ó ti ń ka tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan sì kiri ẹ̀kọ kọjá nínú orí kẹrin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, díẹ̀ ni ó kù kí n ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ó wá kan orin obìtun, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní Oǹdó fún àwọn ọmọge tí wọ́n ti bàlágà, ó ka ìlà méjì, ó dúró. Mo gbọ́ tí ó bọ́ awò ojú rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ohun tí à ń kà bí ìwé ìròyìn." Ó bá dá orin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ẹnu Oǹdó, ó ń fi ìka lu tábìlì, àkùkọ sì ń gbè é. Lẹ́yìn náà ni ó padà ka àwọn ìlà náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, ó sì sọ ibi tí èyí tí òun kọ gbà yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ní ìwé náà lọ́wọ́ ní kíláàsì wa tí ó gbọ́ orin yẹn. Èmi nìkan ni.

Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí ti oníròyìn rédíò. Yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni ó ti ń kà. Kò sí àkùkọ, kò sí ẹlẹ́kọ. Ó ń pe nọ́ḿbà ojú-ìwé, ó ń sọ ibi tí àkọlé wà, ó ń ṣàlàyé àwòrán, ó tilẹ̀ ń pe lẹ́tà inú orúkọ àjèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bi mí ní oṣù kejì pé akàwé wo ni ó mọṣẹ́ jù, òun ni n óò dárúkọ. Òun ni ó ka orí keje. Òun náà ni ó fo ọfọ̀.

Nígbà tí mo délé ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, n kò jẹun. Mo ṣí orí keje, mo dá a padà sí ibi tí ojú-ìwé 93 ti ń parí, mo sì gbọ́ ọ nígbà márùn-ún. Ó ka ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn ojú-ìwé náà. Ó wúkọ́ díẹ̀. Bébà dún, ó dún, ó tún dún: ó ṣí ewé mẹ́ta léra wọn níbi tí ó yẹ kí ó ti ṣí ẹyọ kan. Ó wá ń kà á lọ láti ojú-ìwé 98 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pe nọ́ḿbà mọ́ títí ó fi dé 101. Èmi náà kò mọ́ tán nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Oǹdó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orí náà, mo ti sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ariwo àwọn tí ń ta ọjà ní Òwẹ̀nà kò sì jẹ́ kí n fura. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fo nǹkan nínú ìwé lójú ẹni tí ó ríran, ìwé náà ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Níwájú tèmi, kò sí ẹlẹ́rìí. Ohun tí akàwé bá fò, n kò lè wá a, n kò lè béèrè rẹ̀, nítorí pé n kò mọ̀ pé ó wà.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Àǹtí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kọ síbí. Fóònù sọ fún mi ní aago mẹ́wàá kọjá pé wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò dáhùn ní Sátidé. Kò dáhùn ní ọjọ́ Àìkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kọ ìlà kan péré: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, a ó wo ọ̀rọ̀ náà." Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Ọmọ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ní Àǹtí kò sí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn Àǹtí nínú yàrá kejì. Ẹni tí kò ríran kì í ṣe adití. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù ni ó ń ka aago fún mi. Nígbà tí Àǹtí jáde, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ni ó gé e. Mo gbé fóònù sí i létí, ikọ́ àti ìró bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ má bínú, sà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè é wá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé ní nǹkan bí aago méjìlá. Ó dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti wá nígbà tí ó kí mi, bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Kò purọ́. Ó ní, "Ìgbàgbọ́ mi ni kò gbà á, sà. N kò lè fi ẹnu mi pe ọfọ̀." Mo ní, "N kò ní kí o pè é. Kí o sọ fún mi pé o kò pè é ni." Ó ní òun rò pé n kò ní mọ̀. Gbolóhùn yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, Àǹtí sì ké, "Háà!" Mo rò pé ìbínú mi yóò ru sókè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ẹ̀rù tí ó bà á kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ni ọfọ̀ kì í pè é ṣeré. Olùkọ́ wa ti ṣàlàyé pé inú pípè ni agbára rẹ̀ wà, pé ẹni tí ń pè é ní láti mọ orúkọ ìpìlẹ̀ ohun tí ó ń bá wí, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò pé láìsí oògùn tí ó ń bá wọn rìn, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé dà bí ọfà tí kò ní ọrun. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe nǹkan, ọmọ Yorùbá ni. Oníwàásù àti oníṣègùn kò jà lórí ìyẹn. Ohun tí ó ṣòro fún mi láti dárí jì ni ikọ́ yẹn.

Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí pé ta ni ó ń gbọ́ ohùn kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ó ní kò sí. Ẹ̀sùn mi gan-an nìyí, ó ju ti ọmọ náà lọ. Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn náà ni ó ń kàwé ní LibriVox, ètò ìkàwé-sóhùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Hugh McGuire dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ọ̀fẹ́ náà sì ni. Síbẹ̀ ẹlòmíràn máa ń gbọ́ ohùn náà kí ó tó jáde, láti mọ̀ bóyá akàwé fo ibì kan tàbí ó tún ibì kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ àdàkọ ti kúrò lórí wọn ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kò ran ẹ̀kọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ètò yẹn ṣeé yá lò. Nígbà tí Anne Macdonald kó àwọn akàwé jọ ní New York ní ọdún 1948, àwọn ọmọ ogun tí ogun ti fọ́ lójú, tí wọ́n fẹ́ lọ sí yunifásítì, ni ó ṣe é fún. Ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n nílò, irú tèmi yìí, ẹni tí yóò jókòó ṣèdánwò kò sì lè fi ìwé tí ó ní ihò ṣe é. Àǹtí ní akàwé mọ́kànlá ni àwọn ní, ìwé tí ó wà nílẹ̀ sì ju ọgbọ̀n lọ. Ta ni yóò tún jókòó gbọ́ ọ? Mo ní èmi. Etí mi kò ní iṣẹ́ méjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e, fáìlì kan wọlé. Àkùkọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Màmá Oǹdó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní mo tún ní iṣẹ́. Ìyá ìjọ ni mí o, Olúwa sì mọ̀ mí. Èyí tí mo fẹ́ kà yìí, mò ń kà á ni, n kò pè é." Ó wá ka ojú-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn òkè lókè, ohùn ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kò sáré, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ó bá ti parí ọfọ̀ kan, á ní, "Mo kà á ni o," kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa gbà kí n ṣe àtúpalẹ̀ tèmi ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ń ka àwọn ìlà náà lórí, "mo kà á ni o" bọ́ lẹ́nu mi láìmọ̀. Kíláàsì tún bú sẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rín in.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń kàwé fún mi. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ó dé orí tí ó dá lórí ẹsẹ ifá nínú ìwé mìíràn, ó dúró, ó ní, "Ojú-ìwé 140 sí 142, sà, n kò ní ka àwọn ẹsẹ inú rẹ̀. Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá." Kò wúkọ́.

Wọn kò tíì fi ẹnikẹ́ni sídìí gbígbọ́ ohùn kí ó tó jáde, mo sì ti rán Àǹtí létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 10. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, mo gbé ìwé mẹ́ta mìíràn lọ bá wọn, mo sì mú ọ̀rẹ́ mi kan tí ojú ti ń dà láàmú dání, kí òun náà lè lọ forúkọ sílẹ̀.