iCivics fún àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà: ẹ̀tọ́ pọ̀ níbẹ̀, ojúṣe kò tó

Òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Houston tàbí ní káúntì (ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀) Prince George's ní Maryland á ti rí i pé ọmọ tètè ń mọ ohun tí ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi dù ú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé kí ni ìlú ń retí lọ́wọ́ òun náà, ẹnu á wọ́hò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbẹ̀ ń lo iCivics, ojúlé eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Sandra Day O'Connor dá sílẹ̀ ní 2009, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni àwọn eré náà.

Èyí tí àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ ni “Do I Have a Right?”. Ọmọ á di ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ́yà. Oníbàárà á wọlé, á rojọ́. Ọmọ á pinnu bóyá ìwé òfin fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ń sọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á fa ẹjọ́ náà lé lọ́yà tó mọ àtúnṣe (amendment, ìyẹn àfikún sí ìwé òfin) tó dá lórí ẹ̀tọ́ yẹn dunjú lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ń borí ni iyì ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, tí ọmọ á sì lè gba lọ́yà mìíràn. Ó dùn ún ta, àmọ́ oníbàárà tó bá pẹ́ lórí ìjókòó á bínú jáde, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, tí á máa mú lọ́yà láìka ẹjọ́ tán. Ó lè gba máàkì tó jọjú, kó má sì mọ̀ pé àtúnṣe kẹrin ló ní kí ọlọ́pàá má ṣàdédé tú ilé tàbí àpò ẹni. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀yà tó jẹ́ àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìkan. Kó ka ẹ̀sùn sókè kó tó tẹ ohunkóhun, kó kọ nọ́ńbà àtúnṣe náà sórí ìwé, kí ó sì dúró nígbà tí ọjọ́ kan nínú eré bá parí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ẹjọ́ méjì.

Kò yani lẹ́nu pé ẹ̀tọ́ ló gbilẹ̀ jù. Àtúnṣe mẹ́wàá yẹn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1791, ìkìlọ̀ fún ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé òfin Amẹ́ríkà kò to ojúṣe ọmọ ìlú lẹ́sẹẹsẹ. Ti Nàìjíríà tò ó: abala 24 ìwé òfin 1999 ní ohun mẹ́fà, lára wọn ni bíbọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ ìlú ẹlòmíràn, ríran àwọn agbófinró lọ́wọ́, àti sísọ iye tó ń wọlé fún ẹni láìparọ́ kí a sì san owó orí lásìkò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, kí ọmọ wo èwo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá pàdé nínú eré.

“Counties Work” ló yẹ kí ẹni tó ń wá ojúṣe gbájú mọ́. Ọmọ ni aláṣẹ káúntì. Ará ìlú á mú ẹ̀dùn wá, ọmọ á wá ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn, á fi í ránṣẹ́ síbẹ̀, á sì máa wo owó bó ṣe ń lọ. Bí àpò bá fẹ́ gbẹ, á fi kún owó orí tàbí kó gé ohun tí ẹ̀ka kan ń ná. Èyíkéyìí tó bá ṣe, ẹnì kan á fajú ro, ìbò sì ń bọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ á fẹ́ tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, owó á sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìwé owó orí ilé tiyín síwájú rẹ̀. Ní Texas, ìwé yẹn máa ń ya ti káúntì sọ́tọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ọmọ á rí ọ̀nà tí owó náà gbà.

“Cast Your Vote” náà dára: ọmọ á gbọ́ ìdáhùn àwọn olùdíje, á ṣàkọsílẹ̀, kó tó dìbò. Kò pẹ́ tán.

Ibi tí àléébù iCivics ti pọ̀ jù ni iṣẹ́ jọ́rì, ìyẹn ti ará ìlú tí ilé ẹjọ́ pè láti wá gbọ́ ẹjọ́ kó sì bá wọn dá a. Ẹ fi lẹ́tà tí ilé ẹjọ́ fi ń pe ènìyàn síṣẹ́ náà kọ́ ọmọ nígbà tí ó bá dé sílé. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè rí lẹ́tà náà gbà, torí wọ́n tún máa ń fa orúkọ yọ láti inú àkọsílẹ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jù ú nù: kó sàmì síbi tó ti ní òun kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà, kó dá a padà. Kò sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ na fọ́ọ̀mù sí i. Ìyẹn lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ yẹ kó mọ ìdí tí òun á fi lè dìbò lọ́jọ́ kan tí bàbá òun kò sì lè ṣe é.

Ọmọ ọdún 11 sí 14 ni eré wọ̀nyí bá mu jù. Èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì í, nítorí ọ̀rọ̀ kíkà inú wọn pọ̀. Kọ̀ǹpútà ni kó lò, kì í ṣe fóònù.