Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń sin ẹja: ìdérí ihò omi tí wọ́n ń tà kiri yẹn ò lè gba ẹja là

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó ìdérí ihò ìsàlẹ̀ adágún (ihò tí omi ń gbà wọ páìpù) tàbí àwọ̀n ẹnu pọ́ǹpù fún ẹnikẹ́ni, ẹ ka èyí tán. Oníṣòwò kan wà tó ń wá àwa tó ń sin ẹja kiri lórí fóònù. Ó ní ẹrù òun ò lè mú ẹja, pé ọmọ ẹja pàápàá ò lè kó sínú ihò. Ó tà á fún mi, ó tà á fún àwọn míì tí mo mọ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ tó ń lò kì í pẹ́ yí padà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ dá ọjà náà mọ̀ ju kí ẹ máa wá ẹni tó ń tà á lọ.

Nínú àwòrán ọjà rẹ̀, ìdérí náà dúdú, ó dán, ó yọ ikùn sókè. Ẹ yí i dojú dé lọ́wọ́ yín kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí bóòtù wà, ẹ ò ní rí ihò bóòtù kankan. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n kán síbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka ìsàlẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù yẹn bá ti mu omi fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣí. Ẹja koi (ẹja aláràbarà tí wọ́n ń sìn fún ẹwà) àti àwọn ìbátan rẹ̀ a máa fi ẹnu tú ilẹ̀ adágún wá oúnjẹ. Bí wọ́n bá fi imú ti ìdérí tí kò dè, ó ń yẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láti òkè, torí omi bò ó. Ihò páìpù onííǹṣì 4 ló kù níhòòhò sílẹ̀ yẹn.

Ohun tí ìdérí gidi ń ṣe ni pé ó ń tú ìfà omi ká. Ká sọ pé pọ́ǹpù yín ń fa 10,000 lítà ní wákàtí kan gba páìpù onííǹṣì 4. Ní ẹnu páìpù lásán, omi yẹn ń sáré ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá fi ìdérí tó fẹ̀ tó 25 sẹ̀ǹtímítà bò ó, kí àlàfo tó wà láàárín ìdérí àti ilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Omi náà yóò máa gba gbogbo àyíká ìdérí wọlé, eré rẹ̀ ò sì ní tó 20 mọ́. Ẹja tí ara rẹ̀ le á lúwẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀ láìsí wàhálà. Èyí tí ọkùnrin yìí ń tà fẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ díẹ̀ báyìí ni, àlàfo abẹ́ rẹ̀ sì tóbi débi tí àtẹ́lẹwọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò dín ìfà omi kù, kò sì dí ọ̀nà mọ́ ẹja. Mi ò mọ iṣẹ́ wo gan-an ló wá ń ṣe.

Ibi tí páìpù yẹn bá já sí ló máa sọ bí ọ̀rọ̀ ẹja náà ṣe máa rí. Bí omi bá ń fúnra rẹ̀ ṣàn lọ sínú àgbá tí ìdọ̀tí ti ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ ṣì lè bá a níbẹ̀ láàyè, tí ẹ bá tètè wò ó. Àmọ́ bí páìpù bá wọ ẹnu pọ́ǹpù tààrà, fáànù inú pọ́ǹpù ni yóò pàdé. Èyí tó bá há sínú páìpù á kú síbẹ̀, á jẹrà, á ba omi jẹ́ fún àwọn tó kù, á tún dí ọ̀nà omi mọ́ pọ́ǹpù títí tí yóò fi gbóná.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọ̀n irin ẹnu pọ́ǹpù tó ń tà, torí èyí dùn mí ju ìdérí lọ. Ó ní irin tí kì í dípẹtà ni. Ẹ mú òòfà, kódà èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kàn án. Ojúlówó irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwọ̀n kì í fa òòfà, tó bá sì fà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Tiẹ̀ gbá òòfà mú pinpin. Ẹ wá fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà dúdú ojú rẹ̀: wáyà tí wọ́n fi síńkì bò ló wà lábẹ́. Síńkì tó ń ṣí sínú omi májèlé ni fún ẹja, pàápàá nínú omi tí kò ní èròjà òkúta púpọ̀, bí omi òjò. Owó ààbò lẹ san, májèlé ló kó fún yín.

Tí ẹ bá fẹjọ́ sùn ún, ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo wa: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja yín ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni." Òótọ́ ni pé ẹja tó rẹ̀ tàbí tó ti kú lomi tètè ń gbé lọ sẹ́nu pọ́ǹpù, ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ náà máa wọlé. Ẹ yẹ ara ẹja yẹn wò dáadáa. Èyí tí pọ́ǹpù fà mú láàyè á ní ojú àwọ̀n lára bí òǹtẹ̀, ìpẹ́ á ti ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á mọ́ rekete, lẹbẹ á ya. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa pa pọ́ǹpù lálẹ́ kí ẹja lè sinmi. Ẹ má gbọ́! Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ asẹ́mi (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi adágún mọ́) nílò afẹ́fẹ́ tí omi tó ń ṣàn ń gbé wá. Bí omi bá dúró pẹ́, wọ́n á máa kú. Ẹja tó fẹ́ràn ibi òkùnkùn, bí àrọ̀, á sì wọ inú páìpù tó dákẹ́ yẹn lọ sùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò nígbà tí pọ́ǹpù bá tún ṣí láàárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó ní kí wọ́n ya fídíò ìsàlẹ̀ ìdérí, kí wọ́n fi rúlà wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi òòfà kan àwọ̀n lójú rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára ò ní bínú sí èyí. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù gbọ́ náà: bó bá jẹ́ 7,200 lítà ní wákàtí lóòótọ́, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló máa fi kún garawa oní-20-lítà.

Ẹni tó ti rà á, ẹ yọ iná pọ́ǹpù kí ọwọ́ yín tó wọ omi. Ẹ yọ àwọ̀n síńkì yẹn kúrò lónìí, kí ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Fóòmù tó ní ihò wínníwínní, tó tóbi dáadáa, ni kí ẹ fi bo ẹnu pọ́ǹpù níbi tí ọmọ ẹja bá wà, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ déédéé, torí bí ìdọ̀tí bá dí ìdajì ojú rẹ̀, ìfà omi níbi tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdérí tí kò ní bóòtù, ẹ má tún un lẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní síkúrù.

Tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ dá ẹrù padà kí òun tó dá owó padà, ẹ má ṣe é. Ó gba ti ẹnìkan tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gbé fóònù mọ́. Ìdérí tí wọ́n dá padà náà ló tún gbé síta fún títà, ojú ibi tí gọ́ọ̀mù ti ṣí hàn kedere nínú àwòrán. Ẹ tọ́jú ẹrù, rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín, kí ẹ sì fi wọ́n fẹjọ́ sùn ní báńkì yín.