Láptọ́ọ̀pù tí kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́: hard disk tòkunbọ̀, SSD tuntun, àbí ká kúkú ra láptọ́ọ̀pù mìíràn?

Ẹ̀yin tí láptọ́ọ̀pù yín ń tàn, tó ń gbé àmì HP tàbí Dell jáde, àmọ́ tí àwọn àmì róbótó Windows wá ń yí po lójú rẹ̀ títí tí sùúrù fi tán, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Bí ẹ bá gbé e dé ọjà, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa fi lọ̀ yín: hard disk tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ kéré, SSD tuntun (irú disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú), tàbí kí ẹ fi owó kún owó kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mìíràn. Mi ò ní fi èrò mi pamọ́. Bí disk, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó Windows àti fáìlì yín pamọ́ sí, bá ni ìṣòro náà, SSD tuntun ni kí ẹ rà. Hard disk tòkunbọ̀ ni kí ẹ sá fún jù, ẹni tó bá sì fẹ́ ra odidi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí iná kankan kò tàn, ọ̀rọ̀ kò kan disk rárá. Ṣájà, bátìrì, ihò ṣájà tàbí motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) ni kí ẹ fura sí. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá fi ṣájà nìkan tàn án. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń jí àwọn ẹ̀rọ kan. Bí iná bá tàn ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, tó sì ń ké pí-pí-pí, RAM, ìyẹn pátákó ìrántí ẹ̀rọ, ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ ọ́, kó fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, kó tì í padà kó wọlé dáadáa.

Tó bá kọ “No bootable device” tàbí “Operating system not found”, ẹ wọ inú BIOS, ojú ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń tan ẹ̀rọ ni kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀: F10 lórí HP, F2 lórí Dell. Bí orúkọ disk bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows nìkan ló bàjẹ́. Bí orúkọ náà kò bá sí, disk ti kú tàbí kò jókòó dáadáa. Tí ago ẹ̀rọ náà bá sì ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà, bátìrì kékeré rẹ̀ ló ti tán; CR2032 ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó pọ́ọ́kú ni.

Nílé wa níbí, ohun tó ń ba Windows jẹ́ kò jìnnà: NEPA mú iná lọ nígbà tó ń ṣe update, bátìrì tó ti rẹ̀ kò sì lè gbé e dé òpin. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò nílò láti ra ohunkóhun. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá kùnà léraléra, Windows 10 àti 11 máa ń ṣí ojú àtúnṣe fúnra wọn. Startup Repair ni kí ẹ yàn níbẹ̀. Tó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ètò Windows tó ń ti disk pa), tó ní nọ́ńbà 48, ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ Reset tàbí kó fi Windows tuntun sí i kí ẹ tó kó fáìlì yín kúrò.

Hard disk tòkunbọ̀ àti SSD tuntun

Nínú hard disk láptọ́ọ̀pù, àwo kan wà tó ń yí, nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú apá kékeré kan tó ń sáré lórí rẹ̀ wá ohun tí a bá béèrè. Bí Windows bá ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fáìlì ńlá kan ló ń béèrè, wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Apá náà á wá dà bí ẹni tó lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan fún ata, tó padà lọ fún iyọ̀, tó tún padà lọ fún epo. Ìdí nìyẹn tí hard disk tí kò tíì kú pàápàá fi lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jẹ́ kí ẹ rí ojú iṣẹ́, tí ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

SSD kò ní ohun tó ń yí. Èyí tó ń lo okùn SATA, tó tóbi bíi hard disk láptọ́ọ̀pù gan-an, lè ka nǹkan bí 550 megabyte láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk ń tiraka ní àyíká 100. Kì í bẹ̀rù bí danfo tàbí ọ̀kadà ṣe ń gbọ̀n, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé hard disk tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún pípẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n jù sínú àpótí ẹrù, tó tún wá jókòó sórí tábìlì ọlọ́jà. Owó tó fi kéré sí SSD kò tó ewu tó wà níbẹ̀.

Hard disk náà ní àǹfààní tirẹ̀. Àyè rẹ̀ pọ̀ fún owó kékeré, ó sì sábà máa ń kìlọ̀ kó tó kú: á máa ké kẹ́-kẹ́-kẹ́, fáìlì á máa pẹ́ kí ó tó ṣí. SSD lè kú lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó fídíò ìgbéyàwó jọ lè fi SSD 256 gigabyte gbé Windows, kó sì fi hard disk tuntun ńlá kó ẹrù, ṣùgbọ́n kó ní ẹ̀dà mìíràn ní ibòmíràn.

NVMe ńkọ́?

NVMe, irú SSD mìíràn tó ń wọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní M.2, yára ju SATA lọ gan-an. Àwọn tó ń lo PCIe 3.0 (ọ̀nà tí NVMe ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) lè dé 3,500 megabyte láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ Word ni tiyín, ojú yín lè má rí ìyàtọ̀. Bí láptọ́ọ̀pù yín kò bá ní ihò M.2, ẹ má dààmú ara yín. Bí ó bá ní in, ẹ ṣọ́ra: M.2 SATA àti M.2 NVMe jọ ara wọn, àwọn láptọ́ọ̀pù kan sì wà tí ihò wọn kì í gba NVMe. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lọ sí ọjà.

Lójú ọjà

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta á, SSD ayédèrú wà. Èyí tó bá kọ 2 terabyte sára pẹ̀lú owó 256 gigabyte, memory card kékeré ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín, kó ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi wákàtí tí disk ti ṣiṣẹ́ hàn: SSD tí wọ́n pè ní tuntun kò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí. Bí ẹ bá délé, ẹ fi H2testw, ètò tó ń dán àyè disk wò, kún un dẹ́nu kí ẹ tó gbé iṣẹ́ sórí rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sórí rẹ̀.

Ìgbà tí láptọ́ọ̀pù mìíràn tọ́

Bí motherboard bá ti jó, tàbí tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí bátìrì ti kú, tí disk sì tún ti lọ, àtúnṣe lè gbé owó ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà Intel rẹ̀. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Windows 11 sì ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ), àti Intel ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Ẹni tó bá gbé ìran kẹfà lé yín lọ́wọ́ ní owó gọbọi kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ BIOS wò bóyá password ilé iṣẹ́ kan ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt Windows kí ẹ lè mọ ohun tó kù nínú bátìrì.

Ẹni tí owó kò tíì tó, tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún, SSD àti Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, máa gbé e fún ọdún díẹ̀ sí i.

Ní ti disk àtijọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kódà tó bá ní kò wúlò mọ́. Àwòrán yín, ìwé báǹkì yín àti password yín ṣì lè wà lórí rẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ra àpótí USB tí wọ́n máa ń fi í sí, ẹ kó fáìlì yín jáde ní kíá, torí disk tó ti ń ké kò ní ìlérí ọ̀la.