Sauna wo ló yẹ kí ẹ rà ní Abuja: olókùúta, infrared, àgọ́ ooru omi, àbí bùláńkẹ́ẹ̀tì?

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Gwarinpa pè mí. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 58, orúnkún sì máa ń ro wọ́n bí wọ́n bá ti rìn létí adágún Jabi láàárọ̀ Sátidé. Ẹnì kan fẹ́ ta yàrá sauna onígi, yàrá ooru tí èèyàn ń jókòó sí láti làágùn, fún wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kí n sanwó?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo iná yín."

Ibi iná ni ó ti yẹ kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ooru yìí ń ṣe nínú ara, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ontajà ti ń rí wa mú.

Bí èèyàn bá jókòó sínú ooru 80°C, òpójẹ̀ á fẹ̀, ọkàn á sì máa lù ní ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ìgbà tí a bá ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ̀jẹ̀ á ráyè dé ibi tí iṣan ti le, ara á sì tù wá. Àwọn ontajà tún máa ń sọ pé sauna ń mú kí ara wíwú (inflammation) rọlẹ̀. Oríṣi méjì ni ara wíwú. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lánàá tí ó wú lónìí, ara ló ń tún ara rẹ̀ ṣe; ẹ má gbé ooru súnmọ́ ọn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èkejì kò ṣeé fojú rí. Ó máa ń rọra gbóná nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì máa ń bá ọ̀rá ikùn, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn rìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP ló ń fi hàn. Èyí ni àwọn tó ń ta sauna ní lọ́kàn.

Finland ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5, sauna wọn sì tó mílíọ̀nù 3. Ní 2015, Jari Laukkanen, dókítà ọkàn ní Finland, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 2,315 ní agbègbè Kuopio, tí wọ́n ti tọ́pa wọn fún nǹkan bí 20 ọdún. Ewu ikú òjijì láti ọwọ́ àrùn ọkàn fi 63% kéré lára àwọn tó ń wọ sauna ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀meje lọ́sẹ̀ sí ti àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí mìíràn lára àwọn ará agbègbè náà tún fi hàn pé CRP àwọn tó ń wọ̀ ọ́ déédéé kéré. Wíwò ni wọ́n wò wọ́n o. Ẹni tó ráyè sauna lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ lè ti ní ìlera tẹ́lẹ̀. Sauna olókùúta gbígbóná sì ni gbogbo wọn ń lò. Bí ẹni tó ń ta infrared tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bá fi 63% yìí hàn yín, aṣọ àyálò ló wọ̀.

Olókùúta

Hítà ni yóò yan òkúta, ẹ ó bu omi díẹ̀ lé e, ooru á sì ru bo ara. Ó máa ń gbóná tó 70 sí 100°C. Hítà yàrá èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin máa ń jẹ nǹkan bí kílówáàtì 6, ìyẹn ampere 26. Sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ampere 13 péré, kò gbọdọ̀ gbé e. Ó gba wáyà tirẹ̀ àti brẹ́kà tirẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀dù.

Mo gbé tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wọn iná lọ sílé Ẹ̀gbọ́n láago mẹ́jọ alẹ́. Nọ́ńbà tó yọ ni fóltì 184. Bí aládùúgbò wọn ṣe tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó já sí 180 lójú wa. Bí iná bá wà ní 180 dípò 230, hítà kílówáàtì 6 kò lè mú ju 3.7 lọ. Òkúta tó yẹ kó gbóná láàárín ìṣẹ́jú 45 á gba ju wákàtí kan lọ, bí ẹ bá sì bu omi lé e, á kàn máa rin gbindin ni.

Ní ti owó iná, oṣù Kẹrin 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé Band A dé 225 náírà fún yúníìtì kan, kó tó rọ̀ díẹ̀. Mo fi 210 ṣírò. Bí hítà bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 75, yúníìtì 7 ààbọ̀ ti lọ, ó lé ní 1,500 náírà. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, 6,300. Bí ẹ bá pọ̀ nílé tí ẹ jọ ń wọ̀ ọ́, kò burú. Ẹnì kan ṣoṣo? Owó náà á ro yín, ẹ ó sì pa á tì.

Ohun kan wà nípa olókùúta tó dùn mọ́ mi. Ọ̀kan nínú igi tí wọ́n fẹ́ràn jù fún àga inú sauna ní Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní abachi, arère tiwa ni. Ó fúyẹ́, kò ní oje, kì í sì í jó èèyàn nídìí. Nítorí náà, ẹ má san dọ́là lórí àga kí ẹ tó bi káfíńtà yín ní Kugbo bóyá ó lè rí arère tó gbẹ dáadáa ní Dei-Dei. Kó má kùn ún, kó sì gba ìṣó láti abẹ́ kí orí irin má bàa kan ara. Ikán fẹ́ràn arère gan-an, torí náà orí táìsì ni kí ẹ gbé yàrá náà kà.

Infrared

Ìtànṣán tí ojú kò rí ló ń mú ara fúnra rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sábà kọjá 60°C. Ti ẹlẹ́ni kan máa ń jẹ kílówáàtì 1.5 sí 2, sókẹ́ẹ̀tì lásán sì gbé e. Ìṣẹ́jú 45 kò jẹ ju yúníìtì kan àtààbọ̀ lọ, nǹkan bí 300 náírà. Ẹni tó ní sólà pẹ̀lú ínfátà 3.5 kVA àti bátìrì lítíọ̀mù lè lò ó kódà bí NEPA bá mú iná lọ. Èyí ni mo rí i pé ó bá ọ̀pọ̀ ilé ní Abuja mu jù.

Ẹ̀rí rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ní Japan, àwọn dókítà máa ń fi irú rẹ̀ tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀: ìṣẹ́jú 15 ní 60°C, lẹ́yìn náà wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì lásán bò wọ́n fún ìṣẹ́jú 30. Ní 2015, àwọn ará Finland dán an wò lára ọkùnrin 10 lẹ́yìn eré ìdárayá, agbára ẹsẹ̀ wọn sì tètè padà díẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá kéré. Fún iṣan tó le, mo lè ní kí ẹ rà á. Fún ẹ̀mí gígùn, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi imú gbọ́ ọ. Bí òórùn gúlúù bá ta yín lójú, ẹ máa lọ. Ẹ tún bi wọ́n nípa ọyẹ́: igi á sún kì, ilẹ̀kùn á sì máa jẹ́ kí ooru jò.

Àgọ́ ooru omi

Èyí ni èmi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti fi aṣọ bò mọ́ ìkòkò àgbo nígbà ibà, ẹ mọ bó ṣe rí. Àgọ́ yìí yàtọ̀ ní ti pé orí yín wà níta. Kò wọ́n, ó ṣeé ká, kò sì jẹ iná púpọ̀.

Omi ló dá tèmi rú. Omi borehole ilé wa ní Lugbe máa ń fi nǹkan funfun lẹ ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Lóṣù kẹta, ó dí ọ̀pá tó ń gbé ooru wọlé, ọ̀pá náà yọ, omi híhó sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó léròrò, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tiro. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Bí ẹ bá máa rà á, píọ̀ wọ́tà mẹ́ta ni kí ẹ máa dà sínú rẹ̀, kí ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìkòkò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi okùn onírin so ọ̀pá náà le.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì infrared kò gbàyè, kílówáàtì kan kò sì ní í pé e. Ṣùgbọ́n inú òógùn ara yín ni ẹ ó sùn sí, fífọ̀ rẹ̀ sì nira. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ni mo lè rà á fún.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá tà fún yín, kò sí èyí tó ń fọ májèlé kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe ìyẹn. Ìwọ̀n tó bá sì já lára yín, omi ni.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí bí omi bá gbẹ lára, ìrora lè dé. Aláboyún náà bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkùnrin tó ń wá ọmọ, ẹ dúró ná: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013, àtọ̀ àwọn tó wọ sauna lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta dín kù, ó sì tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́ kó tó padà sípò. Ẹ má mu ọtí wọ̀ ọ́. Nígbà Ramadan, lẹ́yìn ìṣínu ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu omi dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì ra nǹkan kan. Wọ́n san owó oṣù kan níbi ìdárayá kan tó ní sauna olókùúta, wọ́n ń lọ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀, wọ́n sì ń fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Lánàá, ó pé mẹ́jọ. Wọ́n ní bó bá pé méjìlá láìfo ọ̀kan, kí n wá bá àwọn yan infrared ẹlẹ́ni kan.