Controller ńlá, àbí ká dáàbò bo èyí tó wà ńlẹ̀?

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìbéèrè tí àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ oníná ní Mushin máa ń bi ara wa nìyí. Controller ni àpótí kékeré tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí mọ́tò.

Lórí bátìrì 48V, controller 25A ń fa 1,200W. 35A á gbé e dé 1,680W. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá ń gun afárá Ojúẹlẹ́gbà. Àmọ́ owó controller nìkan kọ́: BMS bátìrì (pátákó inú ẹ̀ tó ń ṣọ́ iná tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde) gbọ́dọ̀ lè gbé 35A, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á kàn kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín títì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà á máa gbóná. Tuntun ọ̀hún ò sì yàgò fún òjò.

Ààbò ò náwó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílíkóònù dí ibi tí wáyà ti wọlé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wáyà sọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú, kómi lè máa kán síta. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù wé e. Ooru ló pa tèmi, kì í ṣòjò.) Ṣùgbọ́n kò ní fi agbára kún un.

Ẹni tó ń kó ẹrù, tí bátìrì ẹ̀ lágbára, kó pààrọ̀ controller. Ẹni tó kàn ń lọ Yábà sí Sùúrùlérè, tó jẹ́ pé omi títì ni wàhálà ẹ̀, kó ra sílíkóònù ná.