Àbàtà orí òkè: ká tún un ṣe níbi tó wà, àbí ká gbé e lọ síbòmíràn?

Lórí àwọn òkè Rocky, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ìlú Aurora àti Colorado Springs ń wá ọ̀nà láti sé omi sí àfonífojì Homestake Creek. Àbàtà wà níbẹ̀ tí omi náà lè bò mọ́lẹ̀. Níbo wá ló yẹ kí owó ìwádìí lórí irú àbàtà bẹ́ẹ̀ lọ: sórí gbígbé wọn, àbí sórí títún àwọn tó ti bàjẹ́ ṣe?

Àwọn kan ní ká wádìí bí a ṣe lè gbé àbàtà: ká gé ilẹ̀ rẹ̀ ní bùlọ́ọ̀kù-bùlọ́ọ̀kù, tòun ti koríko àti gbòǹgbò, ká lọ tò ó síbi tuntun. Omi ni ìṣòro ibẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń sun láìdáwọ́ dúró ló ń bọ́ irú àbàtà yìí, ta ló sì lè gbé ìsun omi? Ilẹ̀ dúdú rẹ̀, tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ewéko tó kú tí kò jẹrà tán ni. Nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà péré ló ń fi kún ara rẹ̀ láàárín 1,000 ọdún!

Títún un ṣe yàtọ̀. Níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò tó fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n á dí kòtò náà, omi á gòkè padà, wọ́n á sì gbin koríko ibẹ̀. Èyí ni èmi á kọ́kọ́ fún lówó. Ìwádìí lórí gbígbé e wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè di àwáwí fún ẹni tó fẹ́ ba àbàtà tó ṣì yè jẹ́.